Gìtá iná ń pọ́n, ó ń sán, ó ń họ: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ní Àjàṣẹ́

Gìtá ni mò ń tún ṣe ní Àjàṣẹ́ níbí, Porto-Novo ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, lẹ́bàá ọ̀nà Ouando. Ẹni tó bá gbé gìtá wá, ì báà jẹ́ okùn ló já àbí wáyà ló gé nínú, kò ní lọ kó má bi mí nípa ara rẹ̀: kí ló dé tó pọ́n, kí ló dé tó sán, ta ló bà á jẹ́. Ó ti sú mi láti máa sọ ọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó mú sánpépà.

Gìtá funfun la rà fún kúáyà, ó ti wá pọ́n bí bọ́tà. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún wa?

Rárá o. Ìbéèrè yìí ni mò ń gbọ́ jù, torí ìlú yìí ni Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947, ẹ sì mọ̀ pé àwọn ará Ṣẹ́lẹ́ kì í wọ aṣọ pupa, wọn kì í wọ dúdú, funfun ni ojú wọn mọ̀, nítorí náà kúáyà tó bá fẹ́ ra gìtá, funfun náà ni yóò wá. Funfun yìí gan-an ló sì máa ń tètè tú àṣírí ọjọ́ orí gìtá.

Lórí ọ̀dà funfun yẹn, fánìṣì kan wà tó mọ́ gaara bí omi. Òun ló máa ń pọ́n jù, kì í ṣe ọ̀dà abẹ́ rẹ̀. Oòrùn ló ń ṣe é, èéfín sìgá náà ń fi kún un níbi tí wọ́n bá ti ń lù ú ní báà, bó bá wá pẹ́ títí, ó dà bí eyín ẹni tó ti ń mu sìgá láti kékeré. Ẹ̀gbọ́n kan gbé ọ̀kan wá, gìtá àtijọ́ tí bàbá wọn mú bọ̀ láti Faransé, inú ń bí wọn, wọ́n ní ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn ti fi nǹkan kùn ún. N ò bá wọn jiyàn. Mo tú ṣúkúrúù inú pílásítíìkì tó wà lábẹ́ okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbé pílásítíìkì náà sókè, abẹ́ rẹ̀ funfun kinniwin bí aṣọ sùtánà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, etí ibi tó parí sí hàn gedegbe bí ẹni fi rúlà fà á. Ẹ̀gbọ́n wò ó, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní "Haà, oòrùn nìkan?" Mo ní oòrùn nìkan, sà.

Kí ni fánìṣì yìí gan-an? Ṣé oríṣi kan náà ni gbogbo wọn?

Vernis là ń pè é níbí, àwọn ará òdìkejì ààlà ń pè é ní fánìṣì, nǹkan kan náà ni, àmọ́ oríṣi rẹ̀ pọ̀, ẹni tí kò bá sì mọ oríṣi tó wà lára gìtá rẹ̀, gbogbo ohun tó bá ń ṣe sí i, àfọwọ́tá ni.

Àkọ́kọ́ ni nitrocellulose, nitro là ń pè é ní kúkúrú. Òwú ni wọ́n fi ásíìdì ṣe, tí wọ́n wá yọ́ sínú dílúáǹ, ìyẹn tínà tó ń yọ́ ọ̀dà, wọ́n á fín in, dílúáǹ á gbẹ kúrò, ó parí. Ẹ wò ó bíi gaàrí: omi ló kàn gbẹ lára rẹ̀, bí omi bá tún kàn án, á tún rọ̀. Nitro náà nìyẹn, bó pé ogójì ọdún lára gìtá, bí dílúáǹ bá tún kàn án á yọ́. Èkejì ni poly, méjì sì ni poly, polyester àti polyurethane. Ìyẹn kì í gbẹ lásán, ó ń jinná ni, nǹkan inú rẹ̀ ń so mọ́ra wọn, bí ẹyin sísè. Ẹyin tó bá ti jinná, kò sí omi tí ẹ máa dà sí i tó máa padà di tútù.

Àwọn gìtá àkọ́kọ́ ti Fender, ilé iṣẹ́ gìtá Amẹ́ríkà, látorí Telecaster tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 títí kan Stratocaster tó jáde ní 1954, nitro ni wọ́n fín sí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, àwọn àwọ̀ kan sì wà tó jẹ́ ọ̀dà mọ́tò gan-an, ti ilé iṣẹ́ DuPont. Ní 1965 ni ilé iṣẹ́ CBS ra Fender, nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń lọ sópin ni wọ́n bọ́ sórí polyester, ó nípọn, ó ń dán, ó sì ń tètè parí níṣẹ́. Gibson, ilé iṣẹ́ gìtá mìíràn, ní tiwọn kò kúrò lórí nitro fún àwọn gìtá wọn ti Amẹ́ríkà títí dòní. Àwọn gìtá olówó pọ́ọ́kú tó ń ti Ṣáínà àti Indonéṣíà wọlé sí ọjà Tọkpá ní Kútọnu, poly ni o, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú.

Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó wà lára tèmi?

Ojú lẹ máa kọ́kọ́ lò. Bí ibi tó bàjẹ́ bá já bí èèpo ẹyin, tí etí rẹ̀ mú, tí ẹ sì rí i pé ó nípọn, poly ni. Bó bá ń fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí igi fi yọjú, bíi bàtà tó jẹ nísàlẹ̀, nitro nìyẹn. Bí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ tú ọrùn kúrò lára rẹ̀ (bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ṣúkúrúù dè), ẹ fi òwú kékeré kan asetóònì, èyí tí àwọn tó ń ṣe èékánná fi ń nu ọ̀dà èékánná, ẹ fi kan inú ihò tí ọrùn jókòó sí. Inú ihò ni mo wí o! Ọmọkùnrin kan ka ibì kan, ó lọ dán an wò ní àárín àyà gìtá, ojú ibẹ̀ di bí ojú tí ìgbóná ti bá jà. Bó bá rọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ òwú, nitro. Bí kò bá mira, poly.

Àwọn ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ wo ló bo ara rẹ̀ yìí? Ó dà bí ilẹ̀ tó sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn náà ló rí, ohun tó sì ń fà á kò jìnnà síra. Igi ń mí. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù tó kún fún omi, bíi ti Àjàṣẹ́ yìí tí ọ̀sà ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, igi á wú díẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé láàárín oṣù Kejìlá sí Kejì, tí ètè gbogbo èèyàn ń là, igi náà á sún kì. Nitro ní tiẹ̀, bó ṣe ń dàgbà ló ń gan, kò lè tẹ̀lé igi mọ́, nígbà tí igi bá rìn tí òun kò lè rìn, ó sán nìyẹn.

Otútù òjijì ló tún burú jù. Ọ̀pọ̀ gìtá tòkunbọ̀ tó ti Yúróòpù wá, ibẹ̀ ni wọ́n ti sán wá, kì í ṣe níbí: ẹni kan gbé e nínú bọ́ọ̀tù mọ́tò nígbà yìnyín, ó wọ inú ilé tó móoru, ó sì ṣí àpótí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Fánìṣì á kàn ró tín-ín, ìlà á fò kọjá lójú yín. Ẹni tó bá gba gìtá láti pápákọ̀ òfúrufú Kútọnu, ẹ má ṣí àpótí rẹ̀ kíákíá, mo mọ̀ pé ojú ń kán yín, ẹ jẹ́ kó sùn nínú ilé mọ́jú ná.

Ìlà yẹn kì í ṣe àrùn. Fánìṣì nìkan ló sán, igi kò sán. Kì í le sí i torí pé ẹ ń lù ú, àwọn olówó tiẹ̀ ń wá irú ẹ̀ kiri. Ìyàtọ̀ kan péré ni kẹ́ ẹ mọ̀: bí ìlà bá wà níbi tí ọrùn ti pàdé orí, tí èékánná yín sì ń kọ́ sí i nígbà tẹ́ ẹ bá fà á kọjá, ó lè jẹ́ igi ló là. Ìyẹn, ẹ gbé e wá lónìí, ẹ má dúró dọ̀la.

Ibi tí mò ń gbé apá lé ti họ. Wọ́n ní òógùn mi ló burú, òótọ́ ni?

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òógùn gbogbo èèyàn ni iyọ̀ àti ásíìdì wà nínú rẹ̀, ti ẹlòmíì kàn le jù ti ẹlòmíì lọ ni, tí a bá sì ronú nípa ìṣọ́ òru ìlú wa, wákàtí mẹ́ta mẹ́rin, afẹ́fẹ́ kò sí, ta ni kò ní làágùn? Igun òkè tí apá ń gùn lé ló ń kọ́kọ́ lọ, tẹ̀ lé e ni ẹ̀yìn níbi tí irin bẹ́líìtì ṣòkòtò ń ha, lẹ́yìn náà ni ojú ọrùn, pàápàá ọrùn tí igi rẹ̀ funfun tí wọ́n fi fánìṣì bo ojú rẹ̀: ìka á jẹ fánìṣì kúrò láàárín frẹ́ẹ̀tì, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn, ìdọ̀tí á wọ igi, á dúdú kiribiti bí ojú ọpọ́n ayò tí wọ́n ti ta pẹ́.

Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ nípa èyí ni Rory Gallagher, ọmọ Áílàǹdì, tó ń lu Stratocaster 1961. Ó lù ú títí ọ̀dà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá lára rẹ̀, òógùn rẹ̀ ni gbogbo èèyàn sì ń tọ́ka sí. Wọ́n tiẹ̀ jí i gbé nígbà kan, wọ́n sì rí i nínú kòtò lẹ́yìn tí òjò ti pa á. Ní 2024 wọ́n tà á ní gbàǹjo, ó lé ní 700,000 pọ́ùn. Igi híhọ lásán o, bí ẹ bá gbé irú ẹ̀ wá fún ìyá mi, wọ́n á fi dáná.

Àwọn gìtá aláwọ̀ wúrà tún ní tiwọn. Les Paul aláwọ̀ wúrà ti Gibson, èyí tó jáde ní 1952, ìyẹ̀fun idẹ ló wà nínú ọ̀dà rẹ̀, bàbà sì ń bẹ nínú idẹ. Tí òógùn bá ti jẹ fánìṣì òkè tán tó kan ìyẹ̀fun yẹn, ó ń di àwọ̀ ewé, bí òrùka bàbà ṣe ń sọ ìka ẹni. Ẹ má gbìyànjú láti fọ̀ ọ́ kúrò, kì í ṣe ìdọ̀tí.

Pupa ara tèmi ń ṣá lọ, ó kù díẹ̀ kó di yẹ́lò lásán.

Ẹ lọ bi àwọn aláró, wọ́n á sọ fún yín pé aró kan wà tó ń gbó mọ́ aṣọ lára, òmíràn wà tí oòrùn oṣù kan á mú lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni gìtá. Les Paul tí Gibson ṣe láti 1958 sí 1960, etí rẹ̀ pupa, àárín rẹ̀ yẹ́lò, aró pupa yẹn kò lè dúró lójú ìmọ́lẹ̀. Àwọn tó wà nínú àpótí ṣì pupa dòní. Àwọn tí wọ́n gbé sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, òmíràn di bí oyin, òmíràn di bí tíì tí wàrà pọ̀ nínú rẹ̀, pupa ti lọ ráúráú. Àwọn yẹn náà olówó gọbọi ni wọ́n báyìí, nítorí náà ẹ má sunkún jù.

Búlúù di àwọ̀ ewé ńkọ́?

Fánìṣì tó pọ́n lórí búlúù ni. Yẹ́lò lórí búlúù, àwọ̀ ewé ló máa fún yín. Tí ẹ bá tú pílásítíìkì rẹ̀, búlúù yín wà níbẹ̀.

Kí ló jẹ ọrùn gìtá mi níbi tó fi kọ́ sórí stand?

Stand náà ló jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí ó ṣì ń dùn mí. Mo ní gìtá nitro kan, mo gbé e sórí stand tí wọ́n fi fóòmù dúdú wé, mo lọ Kétu lọ bá àwọn ẹbí wa ṣe ìnáwó, mo lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀. Nígbà tí mo dé, mo fẹ́ gbé e, kò gbéra, ó lẹ̀ gbàgbà. Mo fà á, ó sì dún bí ẹni ya páálí, ihò fóòmù wà lójú fánìṣì ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ojú oyin, dúdú fóòmù sì ti wọ inú rẹ̀. Kò bọ́ mọ́ títí dòní.

Fóòmù, rọ́bà, àti àwọn bẹ́líìtì pílásítíìkì rírọ̀ tí a fi ń gbé gìtá kọ́ èjìká, nǹkan kan wà tí wọ́n ń fi sínú wọn kí wọ́n má baà gan, nǹkan yẹn ló ń jáde díẹ̀díẹ̀ tó ń yọ́ nitro. Kò ṣe poly ní nǹkan púpọ̀, ó lè kàn fi àmì sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ òwú wé stand yín, àkísà àǹkárá lásán tó o. Bẹ́líìtì náà, ẹ yọ ọ́ lára gìtá kẹ́ ẹ tó ti àpótí, ẹ má ká a lé àyà rẹ̀, pàápàá bó bá máa wà nínú mọ́tò nínú oòrùn.

Kí ni kí n máa fi nù ún?

Aṣọ òwú tó rọ̀. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá lù ú tán, ẹ nù ún gbẹ, ìyẹn nìkan ju gbogbo ọṣẹ lọ. Bí ìdọ̀tí bá ti dì mọ́ ọn, ẹ fi omi rin aṣọ náà díẹ̀, ẹ fún un dáadáa, ẹ nù ún, ẹ tún fi gbígbẹ nù ún. Bó bá jẹ́ ọ̀rá tó lẹ̀ ni, epo tí wọ́n ń rọ sínú làítà onírin lè mú un kúrò láìpa nitro lára, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kí iná má sí nítòsí, kẹ́ ẹ sì fara balẹ̀ níbi tí ìlà bá wà.

Ẹ má lo kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé ó wà nínú ìgò ní gbogbo ìkòríta, mo mọ̀ pé ó pọ́ọ́kú, àmọ́ ẹ ò mọ ohun tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé yín lè jóná. Sódábì ńkọ́? Sódábì tó bá dà sí nitro lára, ẹ tètè nù ún, ọtí líle lè sọ ọ́ di funfun bàìbàì. Àwọn ohun tí wọ́n fi ń mú dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò dán náà, silikóònù wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fín in, ọ̀dà tuntun kò ní dúró, á máa ya sọ́tọ̀ bí omi lórí ewé kókò.

Poly tèmi já lójú kan, ó tóbi tó èékánná. Ṣé ó ní àtúnṣe?

Ó ní, kò tiẹ̀ le. Súpágúlù tó ṣàn, ẹ kán an sí i lẹ́kán kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún kán an, títí á fi ga ju ojú tó kù lọ díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi sánpépà tó kúná jù, tí omi wà lára rẹ̀, rà á dọ́gba, ẹ fi ohun tí wọ́n fi ń dán ọ̀dà mọ́tò nù ún títí á fi tàn. Sùúrù ló gbà.

Ṣé kí n kúkú gbé e lọ fún àwọn tó ń fín mọ́tò kí wọ́n kùn ún tuntun?

Ìyẹn dá lórí gìtá. Bó bá jẹ́ gìtá Ṣáínà tí ẹ̀gbọ́n yín fi ta yín lọ́rẹ, ẹ kùn ún ní àwọ̀ tó wù yín. Bó bá jẹ́ gìtá àtijọ́, ẹ dúró ná! Gìtá àtijọ́ tí wọ́n tún kùn, iye rẹ̀ lọ́jà sábà máa ń já sí bí ìdajì, bó ti wù kí iṣẹ́ ẹni tó kùn ún dára tó.

Bó bá sì jẹ́ pé nitro lẹ fẹ́ fín, ẹ má fín in nígbà òjò. Arákùnrin kan tó ń fín mọ́tò bá mi fín ọ̀kan nínú oṣù Kẹfà, òjò ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ilẹ̀ ṣì ń gbé ooru sókè. Dúdú ló fín, àwa méjèèjì ń wò ó báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí funfun, bí ẹni da omi ògì lé e lórí. Dílúáǹ tó ń yára fò lọ ló mú ojú rẹ̀ tutù, omi inú afẹ́fẹ́ sì bà lé e, ó há sínú fánìṣì. A dúró di ọjọ́ tí oòrùn mú, ó fi dílúáǹ tó ń gbẹ pẹ́ fín in fẹ́ẹ́rẹ́ lórí, funfun yẹn sì lọ. Orí ló kó wa yọ.

Wọ́n ń ta gìtá tuntun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bà lára jẹ́, ṣé wèrè ni wọ́n ni?

Wèrè tó ń pa owó. Ní 1995 ni ẹ̀ka àkànṣe Fender bẹ̀rẹ̀ sí tà wọ́n fún gbogbo ayé, relic ni wọ́n ń pè é, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ gbá a, wọ́n á rà á níbi tí apá yẹ kó jẹ, wọ́n á fi otútù jẹ́ kó sán. Ó kéré tán ó rọ̀ lọ́wọ́, ẹ̀rù kì í sì í ba èèyàn láti gbé e jáde. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn kan ń sanwó kí tiwọn lè rí bíi gìtá tí oníkúáyà gbé wá fún mi pé kí n bá òun pa gbogbo àmì rẹ̀ rẹ́.

Ṣé ohùn rẹ̀ máa dára sí i bí fánìṣì bá ṣe ń jẹ?

Gìtá iná ni, okùn àti mágínẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ okùn, tó ń gbé ohùn rẹ̀, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ẹ ra okùn tuntun.

Ọyẹ́ ti dé, níbo ni kí n gbé e sí?

Nínú àpótí rẹ̀ àbí nínú báàgì, kì í ṣe lára ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń bà, kì í ṣe lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ amúlétutù. Ọ̀rínrin tó tó nǹkan bí 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló bá gìtá lára mu, ọyẹ́ sì lè fà á wálẹ̀ gan-an, pàápàá lápá Ṣábẹ̀ẹ́ lọ́hùn-ún ju ọ̀dọ̀ wa etí ọ̀sà lọ. Tí etí irin frẹ́ẹ̀tì bá ń gún yín lọ́wọ́ nígbà yẹn, igi ọrùn ló sún kì, irin kì í sún. Ẹ má fi fáìlì ilé rà á fúnra yín, ó máa ha fánìṣì etí ọrùn. Ẹ gbé e wá kí n bá yín tọ́ ọ.